Ìpínlẹ̀ wo ló yẹ kí tọkọtaya tó ń fẹ̀yìntì kó lọ: New Jersey, Texas, Georgia tàbí Pennsylvania?

Ìyá Tóbi, Essex County, New Jersey

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti bàbá Tóbi ti ń bá ara wa sọ láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìntì, a kò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. Ẹni ọdún 68 ni bàbá. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí, ó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì nǹkan bí $31,000 lọ́dún, pẹ̀lú Social Security (owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san) nǹkan bí $27,000. Ẹni ọdún 64 ni èmi, nọ́ọ̀sì ni mí, owó iṣẹ́ mi ń lọ sí $85,000 lọ́dún, mo sì ní i lọ́kàn láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo bá pé 67. Nígbà náà, a rò pé a ó máa yọ nǹkan bí $20,000 lọ́dọọdún nínú 401(k) mi, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí mo ti ń fi pamọ́ níbi iṣẹ́.

A ti san gbèsè ilé wa tán, ṣùgbọ́n owó orí ilé náà ti kọjá $12,000 lọ́dún, ó sì ń gòkè sí i ni. Ọkọ mi ní Texas ni kí á kó lọ, nítorí pé wọn kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ènìyàn níbẹ̀, ọmọkùnrin wa sì wà ní Katy, lẹ́bàá Houston. Ọmọbìnrin wa wà ní Marietta, ní Georgia, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn tèmi ń fà sí. Àwọn ará ìjọ wa kan ń dárúkọ Florida, àwọn mìíràn ń dárúkọ Pennsylvania àti Delaware. Tí a bá ta ilé yìí, a fẹ́ ra èyí tí kò ní ju $350,000 lọ, kí ìyókù owó lè wà ní báńkì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti kó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wa nípa owó orí àti ìnáwó ojoojúmọ́.

Àrẹ̀mú, Katy, Texas

Ìyá wa, mo gba ti bàbá. Illinois ni mo ti kó wá síbí, ìdá 4.95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ibẹ̀ sì ń yọ nínú owó iṣẹ́ mi. Ìjọba Texas kì í fọwọ́ kan owó iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì tàbí 401(k) ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tí ènìyàn rà láti lọ sè nílé kò ní owó orí ọjà. Tí ènìyàn bá sì ti pé ọdún 65, owó orí ilé-ìwé tó wà lórí ilé rẹ̀ (apá owó orí ilé tó ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba) yóò dúró sójú kan, kò ní gòkè mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń gbé inú ilé náà, àfi tí ó bá kọ́ nǹkan mìíràn kún un. Wọ́n tún máa ń yọ $100,000 kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí ilé-ìwé yẹn. Irú ilé tí ẹ máa rí ra ní $350,000 níbí, ẹ kò lè rí i ní Essex County.

Àdùkẹ́, Houston, Texas

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. $100,000 yẹn ni iye tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2023. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn olùdìbò Texas fọwọ́ sí i pé kí ó di $140,000, wọ́n sì gbé àfikún ti àwọn tó ti pé ọdún 65 láti $10,000 lọ sí $60,000. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, $200,000 ni wọn yóò yọ fún àgbàlagbà. Nínú ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ $350,000, $150,000 péré ni owó orí ilé-ìwé yóò kàn. Bí agbègbè kan bá ń gba $1.10 lórí $100 kọ̀ọ̀kan, ohun tí à bá san ní $3,850 yóò di $1,650. Àǹfààní ńlá ni èyí, n kò sì jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé nìkan kọ́ ló ń gba owó lórí ilé. County, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń gbà, ìlú ń gbà, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ní agbègbè Katy, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní MUD tún wà. Àwọn ló yá owó tí wọ́n fi fa omi, tí wọ́n sì fi la ojú àgbàrá, orí àwọn onílé ni wọ́n sì ti ń gba owó náà padà. Ìdásílẹ̀ $200,000 yẹn kò kan MUD. Ilé méjì lè wà tí iye wọn dọ́gba, tí òpópónà kan ṣoṣo wà láàrin wọn, kí owó orí ọ̀kan fi ẹgbẹ̀rún dọ́là ju ti èkejì lọ. Ẹ béèrè iye tí MUD ń gbà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Owó adójútòfò ni ìṣòro kejì, mo sì fẹ́ kí bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Adójútòfò ilé lásán kì í san owó ohun tí omíyalé bá bàjẹ́. Lọ́tọ̀ ni ènìyàn ń ra ti omíyalé. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń tà kò ju $250,000 lọ fún ilé, ó sì máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ènìyàn kò lè dúró dìgbà tí òjò bá ṣú kí ó tó lọ rà á. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi wọ ọ̀pọ̀ ilé tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n pè ní ibi ewu. Ìjì Beryl ti oṣù keje 2024 pa iná mànàmáná lé àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ lórí. Alàgbà kan ní àdúgbò mi tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ràn án lọ́wọ́ láti mí ní láti sá lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú mìíràn. Ooru oṣù keje láìsí iná, ewu gidi ni fún ẹni tó ti dàgbà.

Olùṣírò, Silver Spring, Maryland

Mo máa ń bá àwọn ènìyàn wa ṣe ìwé owó orí, ìbéèrè Ìyá Tóbi sì ni mo ń gbọ́ jù lọ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ìdílé yìí ń san níbi tí wọ́n wà, kí á tó wo ibi tí wọn yóò lọ.

New Jersey kì í gba owó orí lórí Social Security rárá. Yàtọ̀ sí èyí, tọkọtaya tó ti pé ọdún 62, tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún láìka Social Security kò ju $100,000 lọ, lè yọ owó ìfẹ̀yìntì àti 401(k) kúrò pátápátá títí dé $100,000. Tí owó tó wọlé bá wà láàrin $100,000 sí $125,000, ìdajì owó ìfẹ̀yìntì ni wọn yóò yọ. Láàrin $125,000 sí $150,000, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni. Tí ó bá kọjá ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Lónìí, owó iṣẹ́ ìyá àti owó ìfẹ̀yìntì bàbá jẹ́ $116,000, nítorí náà ìdajì $31,000 bàbá ti wà lábẹ́ ìdásílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, $31,000 àti $20,000 ló kù, ìdásílẹ̀ náà sì gba gbogbo rẹ̀. Owó orí tí New Jersey yóò gbà lórí owó tó ń wọlé fún wọn yóò di òdo, tàbí kí ó sún mọ́ òdo tí èlé báńkì bá wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí bàbá yẹ ìdí ìrìn àjò rẹ̀ wò. Tí ó bá jẹ́ nítorí owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì ni ó fi fẹ́ lọ sí Texas, kò ní san án ní New Jersey pẹ̀lú. Àní Illinois tí ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú kó kúrò kì í gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà á lé lórí. Ibi tí Texas ti lè ṣe yín lóore ní tòótọ́ ni àwọn ọdún tí ìyá ṣì fẹ́ fi ṣiṣẹ́, nítorí owó nọ́ọ̀sì yẹn ni ìpínlẹ̀ mìíràn yóò gba owó orí lé lórí.

Ní Georgia, ẹni ọdún 62 sí 64 ń yọ $35,000 nínú owó ìfẹ̀yìntì, èlé àti irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 65 sókè ń yọ $65,000, ọkọ ní tirẹ̀, aya ní tirẹ̀. Social Security kò sí nínú ìṣírò náà. Ìdá 5.19 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà fún 2025 kò ní kàn yín tí ìyá bá ti fẹ̀yìntì. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ni kò wọ inú ìdásílẹ̀ náà, àfi díẹ̀ péré.

Owó orí ìjọba àpapọ̀ yóò bá yín dé ibikíbi tí ẹ bá lọ. Tí owó tọkọtaya, pẹ̀lú ìdajì Social Security wọn, bá kọjá $32,000, apá kan Social Security yóò ní owó orí, ó sì lè dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Láti 2025 títí di 2028, ẹni tó ti pé ọdún 65 tún lè yọ $6,000 sí i, ṣùgbọ́n iye yìí yóò máa dínkù fún tọkọtaya tí owó wọn bá kọjá $150,000.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé New Jersey yóò lé owó ìfẹ̀yìntì bàbá dé ìpínlẹ̀ mìíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1996 kò gba ìpínlẹ̀ kankan láàyè láti gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ mọ́.

Bàbá Allentown, Pennsylvania

Ọ̀rọ̀ Olùṣírò dára púpọ̀. Èmi náà ti gbé Newark, ní New Jersey, rí. Pennsylvania kì í gba owó orí lórí Social Security, owó ìfẹ̀yìntì, tàbí 401(k) àti IRA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí ènìyàn ṣí fúnra rẹ̀) ẹni tó ti kọjá ọdún 59 àti ààbọ̀ tó sì ti fẹ̀yìntì. Owó iṣẹ́ ló ní ìdá 3.07 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú tí ènìyàn ń gbé sì ń gba díẹ̀ sí i. Àdéhùn wà láàrin Pennsylvania àti New Jersey pé ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni yóò ti san owó orí lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, Ìyá Tóbi lè máa gbé ọ̀dọ̀ wa, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ ní New Jersey lọ, láìsan ju ti Pennsylvania lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà I-78 jìn fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru, pàápàá nígbà yìnyín. Kò sí owó orí ọjà lórí ọ̀pọ̀ oúnjẹ àti aṣọ. Owó orí ilé wa kéré sí ti Essex County, kì í sì í ṣe kékeré.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹ má bàa gbọ́ ọ nígbà tó bá ti pẹ́ jù: ogún tí òbí bá fi sílẹ̀ fún ọmọ ní Pennsylvania, ìjọba ń gba ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. New Jersey kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ.

Ìyá Àgbà, Bowie, Maryland

Ẹ ṣé tí ẹ mẹ́nu kan ogún, bàbá, nítorí àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ sọ ọ́. Maryland tí mo ń gbé nìkan ni ìpínlẹ̀ tó ń gba owó orí lórí ohun tí òkú fi sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan kò kan ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò bá tó mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Èkejì lè kan ẹnikẹ́ni nínú wa: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ, ìyàwó, ọkọ, òbí tàbí ọmọ ìyá wa. Ọmọ àbúrò mi ni mo tọ́ dàgbà nílé mi. Ìyá ni ó ń pè mí. Lójú òfin níbí, ọmọ àbúrò ni. Ní New Jersey àti Pennsylvania, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò ẹni bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Texas, Georgia àti Florida kì í gba nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ ẹbí, kí ó lọ bá agbẹjọ́rò kí ó tó yan ìpínlẹ̀. Ọmọ tí a bá gbà ṣọmọ lábẹ́ òfin, ọmọ ẹni ni níbi gbogbo.

Ìmọ̀ràn kan fún àwọn ará Maryland tó ń ka èyí: ìdásílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí ìpínlẹ̀ wa ń fún ẹni ọdún 65 ń gba 401(k) wọlé, ṣùgbọ́n kì í gba IRA. Ẹni tí ó bá kó 401(k) rẹ̀ lọ sínú IRA ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Akínkúnmi, Dover, Delaware

Mo kí gbogbo àgbà tó wà níbí. Delaware kò ní owó orí ọjà rárá, ẹni tó ti pé ọdún 60 sì ń yọ $12,500 kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Olùṣírò ti ṣe ìṣírò rẹ̀, $31,000 bàbá yóò kọjá iye yẹn, ìpínlẹ̀ wa yóò sì gba owó orí lórí púpọ̀ nínú ìyókù. Owó orí ilé kéré níbí lóòótọ́. Àwọn tó wà ní New Castle County gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdíyelé ilé ti 1983 ni wọ́n ń lò títí tí wọ́n fi tún un ṣe, tí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, ìwé owó orí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fò sókè. Ẹ má ṣe gbára lé iye tí ẹni tó ń ta ilé san ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣẹ̀gun, East Orange, New Jersey

Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ ta ilé? Ẹ fi ilé sílẹ̀ síbí, kí ẹ máa gbé Ìbàdàn fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún. Tí ènìyàn kò bá sí nílùú, ìpínlẹ̀ kò lè gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé New Jersey ń gba owó ìjáde lọ́wọ́ ẹni tó bá ta ilé tí ó sì kó lọ. Wọ́n yóò mú nínú owó yín kí ẹ tó jáde.

Olùṣírò, Silver Spring, Maryland

Àbúrò Ṣẹ̀gun, méjèèjì nílò àtúnṣe. Ẹni tí New Jersey jẹ́ ibùgbé rẹ̀ gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ owó orí wọn nítorí pé ó rìnrìn àjò. Kí wọ́n tó kà á sí ẹni tí kì í gbé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ilé tí ó ń gbé títí ní New Jersey, ó gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀ níbòmíràn, kò sì gbọdọ̀ lo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ ní ìpínlẹ̀ náà lọ́dún. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ sí East Orange, tí ó ń gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, kò ní èyíkéyìí nínú wọn àfi bóyá ilé Ìbàdàn.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní owó ìjáde kì í ṣe owó orí tuntun. Owó orí lórí èrè ilé ni wọ́n ń béèrè ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé ìpínlẹ̀ náà mọ́ nígbà tó ń tà, wọ́n á sì dá èyí tó bá pọ̀ jù padà nígbà tó bá ṣe ìwé owó orí rẹ̀. Tí ẹ bá ta ilé nígbà tí ẹ ṣì ń gbé New Jersey, fọ́ọ̀mù GIT/REP-3 ni ẹ óò fọwọ́ sí, ẹ kò sì ní san án ṣáájú. Ní ti èrè náà, tọkọtaya tó ti gbé inú ilé fún ọdún méjì nínú márùn-ún tó ṣáájú títà lè rí èrè títí dé $500,000 láìsan owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ilé háyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ tó tà á, nítorí ìdásílẹ̀ yẹn lè bọ́.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́, Lawrenceville, Georgia

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn kàn mí nítorí iṣẹ́ wa. Medicare, adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún ẹni ọdún 65 sókè, kì í san owó ìwòsàn ní Nàìjíríà. Àwọn àgbàlagbà kan máa ń dá Part B, apá rẹ̀ tó ń san owó dókítà, dúró nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Nígbà tí wọ́n bá padà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò fi kún owó oṣooṣù wọn fún oṣù méjìlá kọ̀ọ̀kan tí wọn kò fi ní in, ọ̀pọ̀ sì ń san àfikún yẹn títí ayé wọn.

Ìyá Tóbi, ẹ ti ń sún mọ́ 65, nítorí náà ẹ tètè ro èyí. Medicare Advantage, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń tà, ń tẹ̀lé àdúgbò. Tí ẹ bá kó kúrò ní New Jersey, ẹ ní láti yan òmíràn, àwọn dókítà inú rẹ̀ yóò sì yí padà. Medicare ti ìjọba fúnra rẹ̀ ń bá ènìyàn lọ sí gbogbo ìpínlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi Medigap, adójútòfò àfikún fún ohun tí Medicare kò san tán, tì í lẹ́yìn, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Part B yín bá bẹ̀rẹ̀ ni àwọn adójútòfò kò lè kọ̀ yín nítorí àìsàn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè yẹ̀ yín wò kí wọ́n sì kọ̀ yín. Tí ibi iṣẹ́ yín bá ní òṣìṣẹ́ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń bójú tó ìwòsàn yín, ẹ lè fi Part B sílẹ̀ títí ẹ óò fi fẹ̀yìntì láìsí ìyà kankan.

Gbénró, Tampa, Florida

Florida kò ní owó orí lórí owó tó ń wọlé, iye tí wọ́n ń gbé owó orí ilé onílé lé sì wà lábẹ́ òfin tí kò jẹ́ kí ó fi ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún. Ìyẹn dára. Owó adójútòfò kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, láti ìgbà ìjì Ian ní 2022 ni tèmi sì ti ń gòkè. Iléeṣẹ́ tó ń dójú tòfò fún mi tẹ́lẹ̀ fi àwọn oníbàárà sílẹ̀, mo ní láti wá òmíràn. Tí kì í bá ṣe pé ẹ ní ọmọ níbí, n kò rí ìdí tí ẹ ó fi fi Florida ṣáájú Georgia.

Alàgbà, Irvington, New Jersey

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ń sá fún? Bàbá Tóbi ti kọjá 65. Ètò Stay NJ tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2026 ń san ìdajì owó orí ilé padà fún onílé tó ti pé ọdún 65, títí dé $6,500 lọ́dún, tí a bá pa á pọ̀ mọ́ ANCHOR àti Senior Freeze, ètò méjì mìíràn tí ìpínlẹ̀ fi ń ran onílé lọ́wọ́ lórí owó orí ilé. $12,000 yẹn lè di $6,000. Ilé ìwòsàn tí ẹ mọ̀, ìjọ tí ẹ mọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé yín dé ibi gbogbo, ẹ fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbi tí ẹ ó ti máa wa mọ́tò títí di ọdún 85?

Bísọ́lá, Marietta, Georgia

Alàgbà, ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn tọ́, n kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Stay NJ, inú ìsúná ọdọọdún ni wọ́n ti ń wá owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi í ṣe ìlérí fún ọdún ogún.

Ìyá Tóbi, mo ti ń retí kí ẹnìkan dárúkọ Cobb County, níbi tí ọmọ yín ń gbé. Onílé tó ti pé ọdún 62 kì í san owó orí ilé-ìwé níbẹ̀ rárá, láìbéèrè iye tó ń wọlé fún un, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ló sì ń gba apá tó pọ̀ jù nínú owó orí ilé wa. County kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀; ní Gwinnett, wọ́n ń wo iye owó tó ń wọlé fún ènìyàn. Òpópónà tó pààlà lè gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ yín, gẹ́gẹ́ bí Àdùkẹ́ ti sọ nípa MUD.

Àwọn ìnáwó tí ẹ kò ní rí nínú ìwé: tí ẹ bá kó ọkọ̀ yín dé, ìpínlẹ̀ yóò gba ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpínlẹ̀ kì í gba owó orí ọjà lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n county ń gba tirẹ̀. Delta ń fò láti Atlanta lọ sí Èkó láìdúró níbì kankan, èyí sì ń dín owó àti wàhálà kù fún ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ń dùn.

Ìyá Tóbi, Essex County, New Jersey

Olúwa yóò bùkún gbogbo yín. Bàbá ka gbogbo rẹ̀, ó sì ní kí n sọ fún Olùṣírò pé òun gbà pé lílọ sí Texas kò ní dín owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì òun kù. Ó ṣì fẹ́ lo àkókò pẹ̀lú ọmọkùnrin wa, a ó sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní Katy nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìjì.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a kò ní ta ilé kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá yóò béèrè fún Stay NJ ní báyìí ná. Tí mo bá ti fẹ̀yìntì, a ó ta ilé nígbà tí a ṣì jẹ́ ará New Jersey, a ó gba ilé háyà ní Marietta, lẹ́yìn náà ni a ó ra èyí tó wà ní Cobb. N kò ní fọwọ́ sí ìwé Medicare Advantage kankan kí n tó mọ ibi tí a ó máa gbé. Bísọ́lá, ọmọ mi, ìgbà wo ni ènìyàn gbọ́dọ̀ béèrè fún ìdásílẹ̀ owó orí ilé-ìwé yẹn?

Bísọ́lá, Marietta, Georgia

Ìyá wa, ilé náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ tiyín, kí ẹ sì ti máa gbé inú rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tí ẹ ń béèrè fún. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni wọ́n ń pa ìwé dé. Tí ẹ bá ra ilé ní oṣù kejì, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìdásílẹ̀ yóò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì san owó orí ilé-ìwé ọdún yẹn, àfi tí ẹni tó ta ilé fún yín bá ti ní ìdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ríra ilé náà parí kí oṣù kejìlá tó tán. Ọ́fíìsì Tax Commissioner ti county ni ẹ ó kọ ìwé sí, wọn yóò sì béèrè ìwé ìwakọ̀ Georgia tó ní àdírẹ́sì ilé náà, nítorí náà ẹ ti gba ìyẹn ṣáájú.